Hẹ́dífóònù planar: ìdí tí ohùn rẹ̀ fi máa ń rẹlẹ̀, àti bí ẹ ṣe lè tún un ṣe nílé láì bà á jẹ́

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hẹ́dífóònù planar, ọ̀rọ̀ kan náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: “Ṣé ohun tí mo ná gbogbo owó yẹn lé lórí rèé?” Ó ti ki wáyà rẹ̀ bọ fóònù, ó ti gbé ohùn lọ sókè pátápátá, síbẹ̀ orin ń dún bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Béèsì ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Hẹ́dífóònù náà wúwo, ó ń fún orí, etí sì ń gbóná. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwòrán rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún títà, pé àwọn ò lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ẹ má tíì tà á o. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe hẹ́dífóònù yẹn. Irú ẹ̀rọ tó jẹ́ ló yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó sì yàtọ̀. Èyí tá a máa fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí ni Fostex T50RP mk3 láti ilẹ̀ Japan, nítorí pé ó wà lára àwọn tí àwọn èèyàn máa ń tú jù láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún hẹ́dífóònù ṣe. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tá a máa sọ bá àwọn planar yòókù mu, yálà ti HiFiMan ni tàbí ti Audeze.

Awọ tó wà láàárín òòfà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlù. Bí onílù bá lu awọ ìlù, awọ yẹn á gbọ̀n, afẹ́fẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ náà á gbọ̀n, etí á sì gbọ́ ọ. Gbogbo sípíkà àti hẹ́dífóònù ló ní awọ kan nínú tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àfi pé iná ló ń lù ú, kì í ṣe kọ̀ǹgọ́.

Nínú hẹ́dífóònù tó wọ́pọ̀, ìyẹn èyí tí gbogbo wa mọ̀, wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé róbótó mọ́ àárín awọ náà. Òòfà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì, wà nítòsí rẹ̀. Tí iná orin bá ń gba inú wáyà yẹn kọjá, òòfà á máa fà á, á tún máa tì í, awọ á sì máa tẹ̀ lé e. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tì í. Ibi tó jìnnà sí wáyà lára awọ náà lè máa gbọ̀n bó ṣe wù ú, ibẹ̀ ni ohùn sì ti máa ń dàrú díẹ̀, pàápàá tí ẹ bá gbé e sókè.

Ti planar kò rí bẹ́ẹ̀. Awọ tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé, ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n sì tẹ́ ipa ọ̀nà iná káàkiri ojú rẹ̀, lọ-bọ̀, lọ-bọ̀, bíi poro oko. Òòfà tò lẹ́sẹẹsẹ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni tiwọn wà. Tí iná bá dé, gbogbo ojú awọ náà ló ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi máa ń sọ pé béèsì rẹ̀ mọ́, pé àwọn ń gbọ́ ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti kan gángan gan-an, kì í ṣe “gbìì” lásán.

Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Yamaha gbé tiẹ̀ jáde ní 1976, HP-1 lorúkọ rẹ̀, Mario Bellini ọmọ ilẹ̀ Ítálì ló sì ya bó ṣe máa rí. Yamaha pe ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ní Orthodynamic. Fostex ní tàwọn, Regular Phase ni, ibẹ̀ ni lẹ́tà RP tó wà lára T50RP ti wá. Sítúdíò ni wọ́n ṣe T50RP fún, kò rẹwà lójú, kò sì wọ́n tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn kan ní Amẹ́ríkà rí i pé ohun rere wà nínú rẹ̀ tí igbá ike tí wọ́n kó o sí ò jẹ́ kó hàn. Dan Clark tú u, ó tún un tò, ó pè é ní Mad Dog, ó sì ń tà á lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, MrSpeakers. Alpha Dog tẹ̀ lé e, awọ àti òòfà Fostex ló wà nínú òun náà, àmọ́ igbá rẹ̀, ẹ̀rọ 3D ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ilé iṣẹ́ yẹn ló ń jẹ́ Dan Clark Audio lónìí, hẹ́dífóònù tiwọn gan-an ni wọ́n ń ṣe báyìí, owó rẹ̀ sì ju ti T50RP lọ fíìfíì. ZMF, tó wà ní Chicago, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń kó òwú sínú hẹ́dífóònù nínú ilé rẹ̀, kò ya wèrè.

Kí ló dé tí ohùn ò fi jáde?

Ẹ wo ìwé tó bá T50RP mk3 wá, ẹ máa rí nọ́ńbà méjì níbẹ̀: 50 ohm àti 92 dB. Èkíní ń sọ bó ṣe ń dènà iná tó. Èkejì ń sọ pé tí ẹ bá fún un ní iná mílíwáàtì 1 péré, 92 dB ni ohùn tó máa mú jáde. Íápíìsì tá à ń ki bọ etí lè mú bíi 105 dB jáde látinú mílíwáàtì kan yẹn.

Ẹ lè sọ pé, “Àlàfo 13 péré ha nìyẹn?” Ìṣirò dB ò rí bí ìṣirò ọjà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi 3 lé e, iná tí ẹ máa fún un á di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá fẹ́ fi 10 lé e, ó di ìlọ́po mẹ́wàá. Torí náà, kí T50RP tó lè dún tó íápíìsì yẹn, iná tó máa jẹ á tó ìlọ́po ogún. Fóònù tí wọ́n ṣe fún íápíìsì ni ẹ wá ní kó bọ́ ẹ̀rọ tó ń jẹun báyìí.

Ohun tí ẹ lè ṣe sí i nìyí. Àwọn wáyà kékeré kan wà tí wọ́n ń ki bọ ẹnu USB-C, tí wọ́n fi ń so hẹ́dífóònù mọ́ fóònù. Èyí tó bá ń mú fóltì 1 jáde, tí ẹ bá fi sí 50 ohm, mílíwáàtì 20 ló máa fún yín, ìyẹn 105 dB tí orin bá dé góńgó. Ó tó fún ìròyìn, fún ìwàásù àti fún eré orí rédíò. Àmọ́ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ìlù inú rẹ̀ sì máa ń ṣàdédé bú jáde, á fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Èyí tó bá ń mú fóltì 2 jáde, mílíwáàtì 80 nìyẹn, bíi 111 dB. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta amplifáyà tó tóbi bíi bíríkì fún yín kí ẹ tó gbìyànjú ẹ̀rọ kékeré tó ń mú fóltì 2 jáde. Àwọn planar kan wà lóòótọ́ tí wọ́n jẹ́ alájẹkì, HiFiMan HE-6 ni gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí, tí irú ìyẹn bá wà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ohun kan sì tún dára lára planar: ohm rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti béèsì dé trẹ́bù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí amplifáyà bá ti lágbára tó, tí kì í hó “ṣṣṣ” lábẹ́ orin, èyí tó wọ́n ju ìyẹn lọ kò ní yí ohùn rẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Ní ti wáyà olówó ńlá tí wọ́n máa ń sọ pé fàdákà ni wọ́n fi ṣe, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi owó yẹn ra tìmùtìmù etí.

Bó ṣe jókòó lórí

Kí ẹ tó mú síkúrúdíráfà rárá, ẹ wo bí hẹ́dífóònù náà ṣe bo etí yín. Lára irú tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé, tàbí tó ṣí díẹ̀ bíi T50RP, tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò láàárín tìmùtìmù àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, béèsì ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Apá jígí ojú lè fà á, irun dídì tó nípọn lè fà á, etí fìlà náà lè fà á.

Ìdánwò kan wà fún un. Ẹ wá áàpù tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde, tone generator ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ fi sí 40 Hz, kí ohùn má pọ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ hẹ́dífóònù náà mọ́ orí. Tí béèsì yẹn bá pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ ń jò. Tí kò bá yí padà, ibẹ̀ yẹn ti dáa. Mo ní kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o: tí ẹ bá gbá a mọ́ etí lójijì, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á ti awọ tín-ín-rín yẹn kọjá ibi tó yẹ kó lọ. Bí ẹ bá ń dé e, bí ẹ bá ń ṣí i, ẹ máa jẹ́ kí etí kan tìmùtìmù ṣáájú èkejì, ẹ má kánjú.

Tìmùtìmù tó bá T50RP mk3 wá kò nípọn tó. Ó máa ń jẹ́ kí etí kan pátákó inú, lẹ́yìn wákàtí kan etí á ti máa ro yín. Tí ẹ bá máa ra ohun kan ṣoṣo sí hẹ́dífóònù yìí, tìmùtìmù tó jìn ni kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ máa ń lo èyí tí Shure ṣe fún SRH840, tàbí ti Brainwavz. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá pààrọ̀ tìmùtìmù, ohùn náà á yí padà, torí etí yín ti jìnnà sí awọ, àyè tó wà láàárín wọn sì ti pọ̀ sí i. Awọ àtọwọ́dá máa ń di afẹ́fẹ́ mú, béèsì á dúró, àmọ́ òógùn á máa ṣàn. Èyí tí wọ́n fi àrán ṣe máa ń tutù lára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ jáde, béèsì á dín kù. Nínú ooru wa níbí, awọ àtọwọ́dá máa ń bó, àwọn eérún dúdú á máa lẹ̀ mọ́ yín létí. Ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, ìyẹn á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Títú u

Ohùn kì í jáde níwájú awọ nìkan, ó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ náà. Nínú T50RP, ohùn ẹ̀yìn yẹn á lọ kọlu igbá ike, á ta padà, á sì gba inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kọjá wá sí etí yín. Nígbà tó bá fi dé, ti iwájú ti kọjá lọ, wọn ò bára mu mọ́. Ohun tó ń mú kí olórin dún bí ẹni tó wà nínú àgbá nìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, ike fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ fi èékánná gbá a, ẹ máa gbọ́ “kọ́, kọ́”.

Iṣẹ́ méjì la fẹ́ ṣe: ká pa gbígbọ̀n ike, ká sì jẹ́ kí òwú mu ohùn tó ń lọ sẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa lò ò ju síkúrúdíráfà kékeré, òwú tí wọ́n ń tà nílé oògùn, téèpù bébà tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń bo gíláàsì, àti plasticine tí àwọn ọmọ fi ń mọ nǹkan níléèwé. Tí ẹ bá rí Blu-Tack, ó sàn ju plasticine, torí plasticine máa ń rọ̀ nínú ooru, á sì máa yọ òróró.

Ẹ yọ tìmùtìmù. Ẹ máa rí àwọn síkúrù tó de pátákó iwájú mọ́ igbá, pátákó yẹn ló gbé awọ àti òòfà dání. Ibí yìí ló léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Òòfà inú planar lágbára gan-an. Tí síkúrúdíráfà bá sún mọ́ ọn, ó lè já a gbà lọ́wọ́ yín kó sì gún awọ. Awọ tó bá sì ti ya, kò sí rédíónìkì tó máa rán an. Ẹ fi ọwọ́ kan bo àárín pátákó, ẹ fi èkejì di síkúrúdíráfà mú gírígírí. Ẹ má ṣe é lórí tábìlì tí wọ́n ti ń fi fáìlì ha irin, ẹ má sì ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Eérún irin tín-ín-tín tó bá wọlé á lẹ̀ mọ́ òòfà, á máa ha awọ, ohùn háríhárí ni ẹ ó sì máa gbọ́ lábẹ́ gbogbo béèsì láti ọjọ́ náà lọ.

Bí síkúrù bá ti jáde, ẹ rọra gbé pátákó náà sókè. Ẹ má fà á, wáyà tín-ín-rín ló so ó mọ́ inú. Lẹ́yìn òòfà, ẹ máa rí aṣọ funfun kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn ọ̀jáfáfá máa ń yọ ọ́, wọ́n á fi nǹkan míì dípò, àmọ́ òun ló ń ṣàkóso bí awọ yẹn ṣe ń mí, ẹ kò sì ní nǹkan tí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n nílé.

Ẹ pín plasticine sí méjì tó dọ́gba, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára ike nínú igbá kọ̀ọ̀kan, kó má dí ihò kankan. Gíráàmù 10 sí 15 fún igbá kan ti tó. Ẹ rántí pé orí yín ló máa rù ú. Ẹ tún fi èékánná gbá igbá náà, ohùn “kọ́” yẹn á ti kú.

Ó wá kan òwú. Ẹ ya á kó fúyẹ́, kó rí bí ìkùukùu, ẹ gbé e sínú igbá. Kò gbọ́dọ̀ há, kò gbọ́dọ̀ fún pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn òòfà. Tó bá mọ níwọ̀n, ohùn olórin á kúrò nínú àgbá. Tó bá pọ̀ jù, orin á gbẹ, á dà bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bo olórin lójú. Ìwọ̀n tó wà lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ti òsì mu, torí tí wọn ò bá dọ́gba, olórin tó yẹ kó wà láàárín á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ohun ìṣebọ̀ọ̀lì àti kéèkì, kó lò ó.

Téèpù ló kẹ́yìn. Ihò wà lẹ́yìn igbá T50RP, ihò yẹn sì lọ́wọ́ sí bí béèsì ṣe ń ṣe. Ẹ lẹ téèpù bo díẹ̀ lára rẹ̀ láti inú, ẹ dè é padà, ẹ gbọ́ ọ. Ìdí tá a fi ní téèpù bébà ni pé ó ṣeé ṣí. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ pa, nítorí ọ̀la.

Ẹ má ṣe mẹ́ta yìí pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ tìmùtìmù, tó kó òwú sí i, tó sì lẹ téèpù, gbogbo rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé kan ṣoṣo, tí ohùn bá bàjẹ́, kò ní mọ èyí tó fà á. Ẹ ṣe ọ̀kan, ẹ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta gbọ́ ọ, kí ẹ tó ṣe òmíràn. Orin tí ẹ ti mọ̀ dunjú ni kí ẹ máa fi dán an wò. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá dára fún un, torí agídìgbo inú rẹ̀ máa ń fi hàn kíá bí béèsì bá wú jù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ẹ fi máa mọ̀ bí trẹ́bù bá ti ń gún etí. Kí ẹ sì fi ohùn ẹni tí ẹ mọ̀ kún un, bóyá ohùn tí ìyàwó yín tàbí ọ̀rẹ́ yín gbà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nítorí kò sí ẹ̀rọ tó lè tan yín jẹ nípa ohùn ẹni tí ẹ̀ ń gbọ́ lójoojúmọ́.

Equalizer náà wà níbẹ̀

Àwọn kan máa ń bínú tí wọ́n bá gbọ́ equalizer, wọ́n ní irọ́ pípa ni. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Equalizer APO wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, Wavelet wà lórí Android. T50RP máa ń gbàgbé béèsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ lè fi 4 dB tàbí 5 dB kún un láti 80 Hz lọ sísàlẹ̀. Awọ planar máa ń gba irú èyí dáadáa láì pariwo. Àmọ́ iye tí ẹ bá fi kún un ni kí ẹ yọ kúrò lára ohùn gbogbogbòò níbi tí wọ́n ń pè ní preamp, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orin á máa fọ́ tó bá dé góńgó. Ẹ sì rántí ìṣirò òkè yẹn: 6 dB tí ẹ bá fi kún béèsì, ìlọ́po mẹ́rin iná ni béèsì yẹn máa jẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ fóltì 2 yẹn ti máa wúlò.

AutoEq náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ti ṣe ètò equalizer sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù. Ṣùgbọ́n hẹ́dífóònù tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, pẹ̀lú tìmùtìmù tó bá a wá. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ tìmùtìmù, ètò yẹn ò bá tiyín mu mọ́.

Etí ló ṣòroó rà

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù nìyí. Hẹ́dífóònù pọ́ọ́kú, tí ẹ bá gbé e sókè jù, á máa fọ́ ohùn, á máa ro gbàràgàdà. Ariwo yẹn gan-an ló ń sọ fún yín pé ó ti tó. Planar kì í kìlọ̀. Bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ́ nígbà tó wà nísàlẹ̀ náà ló máa mọ́ nígbà tó bá ti ń ṣe etí léṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Gbogbo ìgbà tí ohùn bá fi 3 dB ga sí i, ẹ dá àkókò yẹn sí méjì: 83 dB, wákàtí 20, 86 dB, wákàtí 10, 89 dB, wákàtí 5. Tó bá dé 92 dB, wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ló kù fún yín, ohùn tí mílíwáàtì 1 ń mú jáde látinú T50RP sì nìyẹn.

T50RP kì í dí ariwo ìta tó bó ṣe yẹ, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké lójúde, ẹ máa gbé ohùn sókè kí ẹ lè borí rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ gbé e dé. Ẹ dúró di ìgbà tí iná bá dé, tàbí kí ẹ wọ yàrá inú. Kò dára fún inú dánfó náà, ẹni tó jókòó tì yín á máa bá yín gbọ́ ọ. Tí etí bá sì ń hó “yíìn” lẹ́yìn tí ẹ ti ṣí i, ohùn yẹn ti ga jù nìyẹn. Tí híhó náà ò bá lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà etí.

Ọ̀rọ̀ ìlera kan tún wà tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ẹni tí wọ́n fi pacemaker sí láyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ kó lè máa lù dáadáa, kó bi dókítà rẹ̀ léèrè kó tó lo planar, torí òòfà lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn rú. Gbígbé e kọ́ ọrùn kó wá sinmi lé àyà ni kí ó yàgò fún jù lọ.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ mímọ́ bò ó tí ẹ ò bá lò ó. Ẹ má fẹ́ ẹnu sí i láti lé eruku, ẹ má sì gbé e síwájú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn líle. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ẹ má kó o sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti ìṣó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀

Ẹ gbé fóònù yín àti wáyà fóltì 2 yẹn dání lọ. Ẹ lo tone generator, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30 Hz, ẹ rọra máa gbé e lọ sókè dé 300 Hz. Ohùn náà gbọ́dọ̀ mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha tàbí tó ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, eérún irin ti wọlé tàbí kí awọ ti ká.

Tí ohùn apá kan bá kéré ju èkejì lọ, ẹ yí hẹ́dífóònù náà padà lórí, kí ọ̀tún bọ́ sí òsì. Tí ibi tí kò dún dáadáa bá bá a lọ sí apá kejì, hẹ́dífóònù ló ní àléébù. Tó bá dúró sí etí kan náà, etí yín ni, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ti tó ṣe. Ẹ wo ẹnu wáyà náà bóyá ó ń já ohùn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn ńlá, rédíónìkì tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà á bá yín ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà T50RP mk3 ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Tìmùtìmù tó ti bó náà kì í ṣe ìdí tí ẹ ò fi ní rà á. Ẹ kàn béèrè iye tí tuntun rẹ̀ jẹ́, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tó bá pè é.